Jákàńdè Kì í Ṣe Orúkọ Ibùdókọ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ní Ìsọlọ̀, Èkó)

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìjókòó, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìnára, ọjà ọ̀la á tà ju tòní lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ọmọ-ọmọ mi wọ dánfó ní Òṣòdì. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, "Jákàńdè Gate! Jákàńdè Gate! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ọmọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbójú sókè wò mí, ó ní, "Màmá, kí ni Jákàńdè?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wí. Kò ní ta ni. Ó ní kí ni. Lójú tirẹ̀, Jákàńdè kò yàtọ̀ sí Cele tàbí Máílì Tú. Ibi tí ènìyàn ti ń bọ́ sílẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn pé ènìyàn ni. Ó tún bi mí, "Kí ló wá ṣe tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀?" Ìdáhùn yẹn kò ṣe é sọ tán láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀. Òun ni mo wá sọ lónìí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀, kí ẹ lè máa fi wọ̀n gbogbo ìtàn tí mo bá pa. Akọ̀ròyìn ni Jákàńdè kí ó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, bí wọ́n sì ti ń ṣe ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ni ó ṣe ṣe ìjọba. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Iná lè lọ, ìńkì lè tán, ẹ̀rọ lè kọṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹ dúró ná. Àṣìṣe tí ó bá wọ inú rẹ̀ lónìí, ọ̀la ni wọ́n á tún un ṣe. Ìwà yẹn ni ó gbé Jákàńdè dé ibi tí ó dé. Ìwà yẹn kan náà, lójú tèmi, ni ó gbé e dé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí ó dé. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní erékùṣù Èkó, ni wọ́n ti bí Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1929. Ẹ fi Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀. Òmù-Àrán, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn, nítorí gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ ní Èkó ni àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ta ni onílé, ta ni àlejò. Ọmọ Òmù-Àrán ni Èkó dìbò fún ní 1979, òun náà ni wọ́n tún dìbò fún ní 1983.

Port Harcourt ni ó ti ka ọ̀pọ̀ nínú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lọ sí King's College ní Èkó, ó sì tún lọ sí Iléèwé Girama ti Iléṣà, níbi tí ó ti di olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó di 1949, ó ti wọ ilé iṣẹ́ Daily Service. Ní 1953, ó lọ sí Nigerian Tribune, ìwé ìròyìn Awólọ́wọ̀, ní Ìbàdàn. Ọdún 1956 ni Awólọ́wọ̀ fi í ṣe olóòtú àgbà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ tí ó fi ń kọ àròkọ rẹ̀ nígbà náà ni John West, orúkọ yẹn náà ni ó sì fi sọ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó dá sílẹ̀ nígbà tí ó fi Tribune sílẹ̀ ní 1975.

Láàárín méjèèjì ni ẹ̀wọ̀n wà. Ní 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dàrú ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba kan Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Jákàńdè wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 10, wọ́n ju Jákàńdè sẹ́wọ̀n ọdún 7. Ọdún 1966, nígbà tí Gowon dé orí oyè, ni wọ́n tó gba òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì mọ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà pé aago yóò lù kí òun tó kọ ìdáhùn tán. Kì í gbé orí sókè. Kì í wo ẹ̀gbẹ́. Bí Jákàńdè ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí ó ti dé ipò. Ọkùnrin tí wọ́n gba ọdún bíi mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgbà tí ara rẹ̀ le jù lọ, ẹ ò lè sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi wà jù. Ọ̀rọ̀ iléèwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún nínú ilé yìí, ṣé ẹ rántí iléèwé ọ̀sán? Mo rí àwọn tí ń mi orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Èkó pọ̀, kíláàsì kò tó. Wọ́n wá pín àwọn ọmọ sí méjì: àwọn kan á wá láàárọ̀, àwọn kan á wá lọ́sàn-án. Muṣin ni mo dàgbà sí, ìpín ọ̀sán ni mo bọ́ sí. Láàárọ̀, èmi àti ìyá mi á jọ lọ sọ́jà, n óò máa bá a ṣa èèpo àlùbọ́sà. Tí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó kọjá agogo méjìlá, ìyá mi á bu omi sí ike, n óò fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn ìsọ̀, n óò wọ aṣọ iléèwé lórí òórùn àlùbọ́sà yẹn, n óò sì sáré. A óò dúró sí ẹnu géètì títí àwọn ọmọ àárọ̀ á fi jáde. Bẹ́ńṣì tí a bá jókòó lé á ṣì gbóná lábẹ́ wa. Oòrùn á ti mú páànù, oorun á ti kún ojú tíṣà, oorun á ti kún ojú àwa náà. Nígbà tí ìṣirò bá ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Mo ka ìwé tó ọdún mẹ́ta báyìí, n kò sì mọ ìṣirò oníbọ̀wọ́ tí àbúrò mi, tí ó ń lọ láàárọ̀, ti mọ̀ nígbà tí ó wà ní Pírámárì Kejì.

Àwọn ìjọba ológun ti ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iléèwé ọ̀sán, gbogbo ènìyàn ti gbà á bí òjò: tí ó bá rọ̀, a ó sá, tí ó bá dá, a ó jáde.

Jákàńdè gba ìbúra ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìlérí kìíní nínú mẹ́rin tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ṣe. Ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ni ìyókù. Ní 1980, kò tíì pé ọdún kan, iléèwé ọ̀sán dópin.

Báwo ni ó ṣe ṣe é? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Kò dúró kọ́ iléèwé alájà mẹ́ta. Kò dúró de ìgbà tí owó á pọ̀ tó. Ó kọ́ ohun tí ó lè tètè dìde: búlọ́ọ̀kù gígùn, ìdajì ògiri, òpó díẹ̀, páànù lórí, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Kò sí àjà, kò sí fèrèsé. Ọ̀kan á gùn bí ilé ìtọ́jú oúnjẹ, wọ́n á wá pín in sí kíláàsì kíláàsì. Èkó kún fún un. Àwọn ọ̀tá òṣèlú rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Àwọn olówó tí ọmọ wọn wà ní iléèwé aládàáni náà fi í ṣẹ̀sín.

Èmi jókòó nínú ilé adìyẹ yẹn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, a kò ní gbọ́ ohùn tíṣà mọ́. Ariwo òjò lórí páànù á bò ó mọ́lẹ̀. Omi á fẹ́ wọlé láti orí ìdajì ògiri, a óò gbé bẹ́ńṣì wa jọ sí àárín bí àwọn àgùtàn. Tíṣà wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó máa ń wé gèlè funfun, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ sí pátákó, á fi ìka tọ́ka sí i, àwa á dà á kọ láìsọ̀rọ̀ títí òjò á fi dá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni. Ojú mi mọ́lẹ̀. Ọpọlọ mi tutù. Àlùbọ́sà kò rùn lára mi. Láàárín táàmù méjì, mo mọ ìṣirò oníbọ̀wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán ilé náà tàn yín jẹ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹni tí òrùlé rẹ̀ sì ń jó kò ní máa wá garawa tí ó lẹ́wà. Nígbà tí ó dé, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 605 ni ó bá ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí yóò fi lọ, wọ́n ti di 812. Iléèwé girama 105 ni ó bá. Wọ́n di 223. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, láàárín ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo wá di olùkọ́, ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọmọ nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn. Mo ti dúró níwájú pátákó nínú òjò bí ti tíṣà mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ dókítà, ọ̀kan ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Àpápá, ọ̀kan wà nínú ilé yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti ń dorí kodò.

Níbi ìyára yẹn náà ni àṣìṣe ti wọlé, n óò sì sọ ọ́. Ní 1980 kan náà, ìjọba rẹ̀ kọ̀wé pé kí gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni parẹ́, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ máa lọ sí ọ̀kan náà. Mo mọ ohun tí ó rò. Ó rò pé tí ọmọ gómìnà bá jókòó lábẹ́ páànù kan náà, páànù yẹn kò ní pẹ́ dára. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù àgbà àwọn Kátólíìkì ní Èkó, Olubunmi Okogie, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì sọ pé òfin kò gba ìjọba láàyè láti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ilé ẹjọ́ ni ó jàre. Èmi tí mo jẹ ànfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mò ń sọ ọ́.

Mo ti pẹ́ lórí iléèwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ foríjì mí. N óò sáré kọjá lórí àwọn yòókù, nítorí ẹ̀ ń rí wọn lójoojúmọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Òjó, 1983 ni. Tẹlifíṣọ̀n Èkó, 1980 ni. Ilé ìwòsàn Gbágádà wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó ṣí Lẹ́kí sílẹ̀ fún gbogbo ayé wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé Lẹ́kí lónìí, kí wọ́n mọ̀ pé igbó àti iyanrìn ni. Ó tilẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi láti gbé ènìyàn láti Máílì Tú dé erékùṣù, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Baba Kékeré, orúkọ tí ìlú ń pe òun fúnra rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ni Baba. Òun ni Baba Kékeré.

Ọ̀rọ̀ ilé nìkan ni n kò ní sáré lé. Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, inú rẹ̀ ni ẹ̀ ń gbé. Ìsọlọ̀, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Ìbà, Ábẹ́sàn, Ìjàyè: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú, láàárín ọdún mẹ́rin. Akọ̀wé ìjọba, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, olùkọ́, àwọn tí wọn kò rò ó rí pé àwọn lè ní kọ́kọ́rọ́ ilé tiwọn ní Èkó, ni ó kó sínú wọn. Mọ̀lẹ́bí wa kan gba fúláàtì níbí. Ọjọ́ tí ó kó wọlé, kò tíì ní àga kankan. Ó tẹ́ ẹní sí àárín pálọ̀, ó ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà, ó sì gbé ilẹ̀kùn tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a lè gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dún. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe àwọn àgbà nìyẹn. Jákàńdè kọ́ ọmọ, ó sì kọ́ ilé, lẹ́ẹ̀kan náà.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ó ń gbé? Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú. Ibẹ̀ ni ó ń gbé kí ó tó di gómìnà, ibẹ̀ ni ó ń gbé nígbà tí ó jẹ́ gómìnà, ibẹ̀ ni ó padà sí. Kò kó lọ sí ilé ìjọba. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó ń gùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán àwọn ọkọ̀ tí ó ń tẹ̀lé alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ìyẹn wé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n kó Jákàńdè àti àwọn gómìnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n tì í mọ́lé. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìfipágbàjọba yẹn ni ọkọ̀ ojú irin. Jákàńdè ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú àwọn ará Faransé pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé, Metroline, láti Marina dé Agége. Ní 1985, ìjọba Buhari fagi lé e. Owó tí Èkó pàdánù lórí ìfagilé yẹn lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ẹ ronú sí gbogbo wákàtí tí ẹ ti lò lórí Carter Bridge, lórí Ìkòròdú Road, lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyá mi lo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú mólùé láti Muṣin lọ sí Ìdúmọ̀tà àti padà, fún ọdún méjìdínlógún. Mo ti ṣírò rẹ̀ rí. N kò ní sọ iye rẹ̀ fún yín, ẹkún ni á gbọ̀n mí.

Ó kù ibì kan. Àwọn kan sọ fún mi kí n tó dìde pé kí n fò ó, pé àpéjọ ìyìn ni èyí. Mo ní rárá. Àgbà tí a bá fẹ́ràn, gbogbo rẹ̀ ni a ó sọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, a dìbò fún Abíọ́lá. Wọ́n fagi lé ìbò yẹn. Ní oṣù Kọkànlá, Abacha gba ìjọba. Abacha yan àwọn mínísítà, ó sì mú Jákàńdè ṣe mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé. Jákàńdè gbà á. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ títí ó fi dàgbàlágbà ni pé òun kò dá lọ, pé àwọn aṣáájú wa, àti Abíọ́lá pàápàá, fọwọ́ sí i, nítorí wọ́n gbà pé Abacha kò ní pẹ́ gbé ìjọba fún ẹni tí ó ni ín. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wọ ìjọba yẹn nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀. Mo gbà á gbọ́ lórí bí ó ṣe wọlé.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Níbo? Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àdúgbò tí wọ́n bí Jákàńdè sí! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti mú Abíọ́lá. Ìlú ń jó. Àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà pe àwọn ènìyàn wa tí ó wà nínú ìjọba Abacha pé kí wọ́n jáde. Jákàńdè kò jáde. Ó wà níbẹ̀ títí di 1995 tí Abacha tú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà rẹ̀ ká. Ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ohun tí òun yóò tọrọ àforíjì fún.

Kí ló fà á? Mo ti ro ó fún ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe owó. Ẹ ti gbọ́ ibi tí ó ń gbé. Ìdáhùn tèmi ni ohun tí mo fi lélẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde. Ó gbà pé ibi tí iṣẹ́ bá wà ni kí òun wà, pé tí òun bá rí ọ̀nà tún ṣe, tí òun bá rí ilé kọ́, ta ni ó wà lórí àga kì í ṣe ohun àkọ́kọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ta ni ó wà lórí àga ni ohun àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ tí ó dára jù lọ tí ènìyàn lè ṣe ni pé kí ó dìde, kí ó jáde. Ó yẹ kí ó ti jáde. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo yín, mo sì mọ ohun tí mo jẹ ẹ́.

Bàbá mi gbé àwòrán Jákàńdè kọ́ sí ògiri pálọ̀ wa láti 1979. Àwòrán kékeré ni, nínú férémù dúdú: fìlà, jígí ojú, àgbékalẹ̀ ẹnu tí kì í rẹ́rìn-ín jù. Àwọn ológun dé, kò yọ ọ́. Wọ́n kó Jákàńdè sí àtìmọ́lé, ó ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1994, mo délé bá ògiri lófìfo, ìṣó nìkan ni ó kù. Bàbá kò ya á. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò gbọ́ kí ó dárúkọ Jákàńdè mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, a bá a níbẹ̀, nínú ìwé ìròyìn kan náà, gíláàsì rẹ̀ kò fọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ni Jákàńdè fi ayé sílẹ̀, ẹni ọdún 91. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n sin ín sí Ìkòyí. Àsìkò kòrónà ni, àwọn ènìyàn kò lè pọ̀ bí ó ti yẹ. Mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n bí àwọn àgbàlagbà kan, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, ṣe dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé ọ̀sán ni. Mo mọ ọjọ́ orí wọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Marina. Ẹ mọ ẹni tí ó ṣí i? Buhari ni, ẹni tí ìjọba rẹ̀ fagi lé ti Jákàńdè ní 1985. Ọdún 38. Ẹni tí ó fagi lé e wà láyé láti ṣí i. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lá àlá rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Ìkòyí, kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án, mo mú ìyá mi, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a wọ̀ ọ́ ní Máílì Tú. Ó di ọ̀pá irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ó wà nínú mólùé. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, kò ní fì yín." Ó jókòó. Ó wo omi Ọ̀sà bí ó ti ń kọjá lábẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n kéde Marina, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, "Ṣé a ti dé náà nìyí?"

Mo ní a ti dé, Màmá.

Kò dìde. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú bọ́ sílẹ̀ ná.